Ta Ló Sanwó Orin Tí À Ń Gbọ́?

Bí ẹ bá dé ilé wa ní Agége ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn ni ẹ ó ti gbọ́ orin. Láti aago márùn-ún ni orin ìhìnrere ti máa ń dún nínú ilé wa. Bí a bá ń gbálẹ̀, orin ni. Bí ìyá ilé bá ń bu ẹ̀wà tí a ó fi jẹ búrẹ́dì, orin ni. Ní gbogbo ọdún tí bàbá ilé fi ń wọ dánfó ní Pen Cinema lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Oba Akran ní Ìkẹjà, orin ni ó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ títí yóò fi jáde. Àwọn aládùúgbò a máa sọ pé, "Ilé olórin nìyẹn." A kì í bínú, nítorí òótọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí à ń wá àpò tí a ó kó aṣọ àpéjọpọ̀ sí, a fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó kún inú rẹ̀, àwọn tí a ti ń kó jọ láti ìgbà tí a ṣe ìgbéyàwó. Àbíkẹ́yìn wa, tí ó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni ó mọ̀ pé orin ń gbé, jókòó sílẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ṣe, ó bèèrè pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí àwọn kan ní fọ́tò akọrin lára, tí ó jẹ́ pé bíírò ni ẹ fi kọ orúkọ sára àwọn tó kù?"

Ìyá rẹ̀ wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Àwọn tí a fi bíírò kọ orúkọ sí ju ìdajì lọ. Ìbéèrè ọmọ yìí ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí sí i yín.

ÀWỌN TÍ A FẸ́RÀN JÙ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú àpótí náà, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní irú rẹ̀ nílé.

Èyí tí ó gbó jù ni ti Ẹgbẹ́ Akọrin Good Women ti ìjọ Christ Apostolic Church ní Ìbàdàn, tí Màmá Fáṣọyìn darí, èyí tí orin "Ọdún Ń Lọ Sópin" wà nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn ìyá náà ti kọ ọ́, síbẹ̀ bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, kò sí bí ẹ ṣe lè ti Agége dé Ìkẹjà kí ẹ má gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tàbí níwájú ìsọ̀. Ohùn ìyá ni, kò sí ariwo níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ènìyàn ronú ọdún tí ó lò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Ajíhìnrere Bọ́lá Àrẹ, ọmọ Èkìtì, tí "Baba Kú Iṣẹ́" rẹ̀ sọ di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Bí iṣẹ́ òru bá ti tán bàbá ilé lókun, kásẹ́ẹ̀tì yìí ni à ń fi jí i. Lẹ́yìn èyí ni ti Ebenezer Obey, tí ó kọ orin jùjú láti àwọn ọdún 1960, tí ó sì yà sí iṣẹ́ ìhìnrere ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ti Sonny Okosuns náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ayé mọ̀ sí akọrin tí ń bá ìjọba amúnisìn Gúúsù Áfíríkà wí ni, kí ó tó gbé "Songs of Praise" jáde ní 1994. Ó sùn nínú Olúwa ní 2008. Èyí tí ó wọ àpótí náà kẹ́yìn ni "Oore Tí Ó Common" ti Tọ́pẹ́ Àlàbí, tí ó jáde ní 2001. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n dé orí ẹsẹ tí ó kẹ́yìn.

Orin wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́ nínú ilé wa. Wọ́n wà pẹ̀lú wa ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n wà pẹ̀lú wa ní ọjọ́ tí a sìnkú. Nítorí náà ni ìbéèrè ọmọ náà ṣe dùn wá. Èwo nínú àwọn tí ó ṣe wá lóore báyìí ni a sanwó fún?

LÁTI LỌ́ŃDỌ̀NÙ DÉ AGÉGE

Ó yẹ kí á mọ bí a ṣe dé ibi tí a wà. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní 1855, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ orin ẹ̀mí Yorùbá sínú àwo. Ní 1922, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin tí ó lé ní ogójì fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ìyẹn ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Òun ni bàbá-bàbá Fela Anikulapo-Kuti, tí ó gbé Ìkẹjà tiwa níbí, tí ilé rẹ̀ ní Gbemisola Street sì ti di ilé ohun ìrántí láti 2012. Ọ̀nà tí ọmọ-ọmọ tọ̀ yàtọ̀ sí ti bàbá àgbà, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé iṣẹ́ orin kì í ṣe ohun àná láàárín wa.

Ní ayé àwo, ẹni tí ó bá fẹ́ orin ní láti rà á. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń tẹ àwo, kò sì sí ẹni tí ó lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú pálọ̀. Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé ni nǹkan yí padà. Ilé iṣẹ́ Philips ni ó gbé e jáde ní 1963. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1980, rédíò tí ó ní ojú kásẹ́ẹ̀tì méjì ti wọ ilé púpọ̀. Ẹ fi èyí tí ó ní orin sí apá kan, ẹ fi èyí tí ó ṣófo sí apá kejì, ẹ tẹ bọ́tìnì méjì. Ní wákàtí kan, ohun tí ẹlòmíràn fi ọdún kan ṣe ti di tiyín. Bí a ṣe ní gbogbo kásẹ́ẹ̀tì oníbíírò wa nìyẹn. A kò rò ó sí olè rárá. Ará ń ran ará lọ́wọ́ ni a pè é.

Ní ìgbà yẹn kan náà, láti 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ohun èlò tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun wọ́n. Bí àwọn ọdún 1990 ti ń lọ, àwọn ilé iṣẹ́ àwo ńlá ti òkè òkun ti kó ẹrù wọn. Akọrin wá di ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe kásẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ń gbé e kiri fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe àdàkọ, kì í ṣe òyìnbó ọlọ́rọ̀ kan ní ó jẹ ní gbèsè mọ́. Arábìnrin tí ó jókòó tì í ní ìjọ ni.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA NÍ ẸNU Ọ̀NÀ KÁMPÙ

A fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ní 1996, a lọ sí àpéjọpọ̀ kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Arábìnrin kan wà ní agbègbè wa tí ó ń ránṣọ ní apá Dọ̀pẹ̀mú, tí Ọlọ́run fún ní ohùn. Ní ọdún yẹn, ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí ó ní, ó yá owó lé e lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó sì ṣe ẹgbẹ̀rún kan kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa ni a bá a yọ̀. A gbàdúrà sórí páálí kásẹ́ẹ̀tì náà ní ìpàdé ilé.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà kámpù, ọmọkùnrin kan gbé igbá lérí, ó ń ta kásẹ́ẹ̀tì. Ti arábìnrin wa wà níbẹ̀! Inú wa dùn. Iye tí ó pè é kò tó ìdajì iye tí arábìnrin náà ń tà á. Ojú fọ́tò rẹ̀ ṣe bàìbàì, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣí. A mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ẹ má jẹ́ kí á parọ́. A rà á, a sọ ọ́ sínú báàgì, a wọlé lọ yin Olúwa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a gba ibi tí arábìnrin náà tẹ́ tábìlì sí kọjá láti kí i. Kí a tó kí i tán, ọmọ wa àgbà, tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ nígbà náà, fi ọwọ́ tọ́ka sí orí tábìlì, ó ní, "Dádì, a ti ra èyí!" Ó kó ọwọ́ bọ báàgì, ó mú ayédèrú náà jáde, ó gbé e lé orí tábìlì láàárín àwọn ojúlówó.

Ó wò ó títí. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ó kéré tán, ẹ ń gbọ́ ọ." Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ẹlòmíràn tí ó dúró.

Ẹ̀yin ará, a kò gbọ́ ìwàásù kankan ní alẹ́ ọjọ́ náà. A wà nínú ìpàdé, ṣùgbọ́n ohùn arábìnrin náà ni ó ń dún létí wa. Nígbà tí àpéjọpọ̀ parí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ páálí tí ó gbé wá ni ó gbé padà lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a sì fún un ní owó tí ó ju owó kásẹ́ẹ̀tì kan lọ dáadáa. Ó kà á. Ó yọ iye kásẹ́ẹ̀tì kan, ó fún wa ní ojúlówó, ó sì dá ṣéńjì wa padà. A ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó gbà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò tọrọ nǹkan. Iye tí mò ń tà á ni mo fẹ́." Ó san gbèsè ẹgbẹ́ tán lẹ́yìn ọdún méjì, láti inú owó ìránṣọ. Kò ṣe kásẹ́ẹ̀tì mìíràn mọ́.

ÀWA ÒṢÌṢẸ́ MỌ OHUN TÍ OWÓ OṢÙ JẸ́

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ tí bàbá ilé wa wà nígbà náà jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wọn péjọ sí ẹnu géètì. Ọ̀gá kan jáde, ó kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́ takuntakun, pé ọjà tí wọ́n ń ṣe dára, pé gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Wọ́n hó lé e lórí. Ta ni ó fẹ́ gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́"? "Ẹ kú iṣẹ́" kò kún ìkòkò.

Nínú ariwo yẹn ni bàbá ilé rántí tábìlì arábìnrin náà. Àwa náà kí i pé ó kú iṣẹ́. Àwa náà sọ fún gbogbo ènìyàn pé orin rẹ̀ dùn. A sì jẹ ẹ́ ní owó. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé wa. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ láti Ọ̀gbà dé Oba Akran, tí a mọ bí ọkàn ṣe ń dàrú ní ìparí oṣù tí owó kò jáde, kò yẹ kí á jẹ́ ẹni tí ń fi owó ọ̀yà du akọrin.

Ẹ ka ìwé Nehemáyà orí 13, ẹsẹ 10 àti 11. Nígbà tí Nehemáyà padà dé Jerúsálẹ́mù, ó rí i pé àwọn Léfì àti àwọn akọrin ti sá lọ sí oko oníkálukú wọn, nítorí pé a kò fún wọn ní ìpín wọn. Ẹ kíyè sí i: kò bá àwọn akọrin wí pé wọn kò ní ìtara. Àwọn olórí ni ó bá wí, ó sì kó àwọn akọrin jọ padà sí ipò wọn. Ní ayé Dáfídì, Kíróníkà Kìn-ín-ní orí 25 sọ fún wa pé 288 ni iye àwọn tí a kọ́ ní orin Olúwa. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró bí ilé àwọn tí ń ṣe é kò bá rí oúnjẹ. Arábìnrin wa ní Dọ̀pẹ̀mú náà ti padà sí oko tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni oko náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìhìnrere. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí akọrin bá fi orin rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn, ẹ jẹ́ kí á gbà á pẹ̀lú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni nǹkan ni ó lè fi tọrẹ. Ẹni tí ó mú un láìbèèrè kò lè pè é ní ẹ̀bùn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó ni kò sí. Òótọ́ ni èyí náà, àwa kò sì ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n orin tí kò náni lówó pọ̀. Rédíò Èkó, tí ó wà ní Agídíńgbì nítòsí wa níbí, ń kọrin sí etí wa láìgba kọ́bọ̀. Ìwé orin wà nílé, ọ̀nà ọ̀fun wà lọ́rùn. Ẹni tí ó bá sì ra ojúlówó lè yá aládùúgbò rẹ̀ gbọ́.

Ìjọba ilẹ̀ wa pàápàá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òfin kejìdínláàádọ́ta ni ó ku ẹyọ kan, èyí tí à ń pè ní Òfin 47 ti 1988, ni ó kọ́kọ́ dá àjọ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ sílẹ̀, òfin tuntun ti 2022 sì gba ipò rẹ̀ nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta 2023. Ohun tí akọrin fúnra rẹ̀ kọ jẹ́ tirẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orin Àlùfáà Ransome-Kuti, tí ó kú ní 1930, ti di ti gbogbo ènìyàn báyìí. Ti arábìnrin wa kò tíì dà bẹ́ẹ̀.

ÈTÒ WA FÚN ÀPÉJỌPỌ̀

Kásẹ́ẹ̀tì ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ìdánwò náà kò lọ. Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ní Computer Village ní Otigba, ní Ìkẹjà, ènìyàn lè kún mẹ́mọ́rì káàdì pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin ní owó tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ní ẹnu ọ̀nà àpéjọpọ̀ gbogbo ni àwọn tí ń ta irú rẹ̀ máa ń dúró sí. Ìgbà àpéjọpọ̀ sì ni àwa olólùfẹ́ orin máa ń ní ìtara jù. Àwọn ará agbègbè wa a máa lọ sí kámpù tí ó wà ní kìlómítà 46 lójú ọ̀nà Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ. Àwọn mìíràn a máa lọ sí Ṣílò ní Ọ̀tà ní oṣù Kejìlá, èyí tí ó ti wà láti 1999. Àwọn ọ̀dọ́ a sì máa lọ sí The Experience ní Tafawa Balewa Square, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2006, níbi tí a kì í ti í gba owó ìwọlé.

Ètò tí ilé wa ṣe nìyí, bóyá yóò wúlò fún ilé tiyín.

Èkíní, àpòòwé kan wà lẹ́yìn Bíbélì wa tí a kọ "Owó Orin" sí. Láti oṣù Kìn-ín-ní ni oníkálukú ti ń fi díẹ̀ sí i, títí kan àbíkẹ́yìn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n a ti pinnu pé a kò ní fi ra ohun mìíràn.

Èkejì, a ti kọ orúkọ akọrin méjì sílẹ̀ tí a ó ra orin wọn lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn ní àpéjọpọ̀. Kò sí ìdí láti ra ogún. Orin méjì tí a bá gbọ́ dáadáa yóò gbé wa dé ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn tí ó ní ojú ewé tiwọn lórí YouTube, ibẹ̀ gan-an ni a ó ti máa gbọ́ wọn. Owó dátà nìkan ni a ó ná, owó kékeré tí ó ń ti ibẹ̀ wọlé yóò sì dé ọwọ́ ẹni tí ó kọrin, kàkà kí ó dé ọwọ́ ẹni tí ó jí i gbé.

Ẹ̀kẹrin, ní oṣù Kejìlá, bí àwọn ọmọ bá ń lọ sí Tafawa Balewa Square, ọkọ̀ ojú irin tí ó ti ń gbé èrò láti Agége dé Oyìngbò láti oṣù Kẹwàá 2024 ni wọn yóò wọ̀ ní ọ̀sán, kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Owó tí ó bá ṣẹ́kù nínú owó ọkọ̀ yóò wọ inú àpòòwé.

Ní ti kásẹ́ẹ̀tì oníbíírò, a kò dà á nù. Àbíkẹ́yìn wa ti tò wọ́n sí ọ̀tọ̀, ó sì ti kọ orúkọ gbogbo akọrin inú wọn sínú ìwé kan. Àwọn tí ó ṣì wà láyé, tí a lè rí, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra orin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kásẹ́ẹ̀tì arábìnrin Dọ̀pẹ̀mú wà ní àwọn méjèèjì, ojúlówó àti ayédèrú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A fẹ́ kí àwọn ọmọ máa rí i. Arábìnrin náà ti di ìyá àgbà. Ó ṣì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ọjọ́ ìsinmi, bí ó bá sì ti la ẹnu, a máa ń rántí iye orin tí a kò gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó di ẹrù àpéjọpọ̀, ẹ fa àpótí tiyín jáde. Ẹ ṣí fóònù tiyín wò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí ọmọ wa bi wá. Kí Olúwa tí ó fi orin sí ẹnu wa fi òtítọ́ sí ọwọ́ wa pẹ̀lú. Àmín.